Ìkúnlẹ̀ Mìsítúrà ní Anuradhapura

Alhaji Ṣàmsúdéènì Mákánjúọlá kì í pariwo bí inú bá ń bí wọn. Ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, débi pé ẹni tí wọ́n ń bá wí gbọ́dọ̀ súnmọ́ wọn kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń bú u. Ohùn rírẹ̀ yẹn ló jáde nínú fóònù Mìsítúrà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì 197 lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Peckham Rye, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Sydenham. Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Orí WhatsApp ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wọn ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ogóje ènìyàn ti lè gbọ́ ọ.

"Ìyá Nusaybah," ni Alhaji wí, "a ti rí picture yẹn o. Mùsùlùmí kì í kúnlẹ̀ fún ohunkóhun tí Ọlọ́run dá. Ẹ wá sí meeting ní Saturday, after Alaásàrì, kí ẹ túúbá níwájú gbogbo wa, kí ẹ tún kálímọ̀ ṣàhádà sọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn. Tí ẹ ò bá ṣe é, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi fẹ́ ọmọ yín."

Yìgì ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Habeebullah, ọmọ Alhaji, ni ọkọ. Nusaybah, ọmọ kan ṣoṣo tí Mìsítúrà bí, ni ìyàwó. Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó tì í, ó lọ, Mìsítúrà ò sì mọ̀.

Èyí tó dùn ún jù ni pé àfọwọ́fà ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé fọ́tò náà síta.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mìsítúrà. Bùràímọ̀ kápẹ́ńtà ló bí i, ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ tí kì í dá ọmọ tó bá kí i lórí ìdúró lóhùn. Yóò máa rẹ́ pákó rẹ̀ lọ ni, yóò máa wo ilẹ̀. "Orúkún rẹ ni mò ń wò," ló máa ń wí. "Ẹnu ò níṣòro, gbogbo ènìyàn ló lè fi ẹnu kí ni." Kí Mìsítúrà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, orúkún rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Bó bá ti rí àgbà báyìí, orúkún á ti kanlẹ̀ kí ẹnu tó là.

Ó gbé orúkún yẹn dé London ní ọdún 2001. Òun àti ọkọ rẹ̀, Adésànyà, ń gbé àjà kẹfà ní Aylesbury Estate, wọ́n ń retí ìwé ìgbélùú tí kò dé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè é láti Ìsẹ́yìn pé bàbá ti lọ. Bó bá jáde kúrò nílùú yìí, kò ní lè wọlé mọ́, oyún Nusaybah sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n sin Bùràímọ̀ lójú gbogbo ọmọ rẹ̀, àfi ọ̀kan. Nígbà tí ìwé yóò fi dé, ìwé ò wúlò fún ìsìnkú mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan Adésànyà náà kú, kánsù bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé Aylesbury láti tún wọn kọ́, wọ́n sì kó ìyá àti ọmọ wá sí ilé kékeré kan ní Peckham Rye. Bí ayé rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kò sí ohun àrà kankan níbẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́, orúkún yẹn náà ló sọ ọ́ di ẹni iyì. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí London máa ń ju ọwọ́ sí àgbà bí ẹni ń lé eṣinṣin, Alhaji Mákánjúọlá á sì nàka sí Mìsítúrà níbi tó kúnlẹ̀ sí níwájú wọn. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wo bí ọmọ gidi ṣe ń kí àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò ná.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Mìsítúrà ń ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tó ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Rosaline ní Sydenham láàárọ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn, tó sì ń tì í káàkiri lórí àga onítáyà. Ọmọ ìlú Kandy ní Sri Lanka ni Màmá Rosaline, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹlẹ́sìn Búdà sì ni. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ò ṣe é gbọ́kàn lé mọ́, kò sunkún. Ó kàn ní òun fẹ́ lọ kí igi kan kí òun tó kú.

Mìsítúrà kọ́kọ́ rò pé oògùn ló ń sọ̀rọ̀. Àfìgbà tí Zoe, ọmọ-ọmọ màmá náà, jókòó ṣàlàyé fún un. Láyé àtijọ́, ọmọ ọba kan tí wọ́n wá ń pè ní Búdà fi ààfin sílẹ̀ láti wá ìdí tí ìyà fi ń jẹ ọmọ aráyé, abẹ́ igi kan ní ilẹ̀ India ló jókòó sí tí ojú rẹ̀ fi là. Ẹ̀ka igi náà ni wọ́n gbìn sí Anuradhapura, ìlú àwọn ọba àtijọ́ ní Sri Lanka, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tó ti wà níbẹ̀. Zoe ti ṣètò ohun gbogbo, òun náà yóò sì bá wọn lọ. Ẹni tí yóò máa ti àga ló kù.

Mìsítúrà ò kàn dìde lọ o. Ó tọ Àáfà Fọlọ́runṣọ́ lọ, lèmọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wọn, bàbá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tí fóònù rẹ̀ ò ju èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn lọ. Àáfà ní iṣẹ́ ni iṣẹ́. Wọ́n ní kó má jọ́sìn fún ohun tí wọ́n ń jọ́sìn fún lọ́hùn-ún, kó má sì jẹ ohun tí a kì í jẹ. Ó ṣèlérí. Ó sì mú ìlérí náà ṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí, tó wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń tì lọ sí Mẹ́kà tirẹ̀.

Kandy ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, níbi tí ènìyàn ti tò lọ rẹrẹ láti wo àpótí wúrà tí wọ́n ní eyín Búdà wà nínú rẹ̀. Mìsítúrà ti Màmá Rosaline dé iwájú, ó sì wo òrùlé títí wọ́n fi ṣe tán. Ní Polonnaruwa, ìlú ọba mìíràn tó ti dahoro, wọ́n gbẹ́ ère ńlá kan tó sùn gbalaja sára àpáta. Ó bi màmá bóyá oorun ló ń sùn. Màmá ní rárá, ikú ló ń kú, pé kó wo bí ojú rẹ̀ ṣe tutù. Òòrùn ti mú òkúta gbóná bí àwo ìdáná, bàtà ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mìsítúrà bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ fún màmá tó fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wá ń fò lórí òkúta bí ẹyẹ. Ó ń ra òdòdó fún màmá, ó ń gbé e lé e lọ́wọ́, á sì fà sẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ló fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ báyìí. Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi bó bá ti ki ìrun tán ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n dé ibi igi náà. Igi ọ̀hún ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi òpó wúrà gbé ẹ̀ka rẹ̀ dúró. Aṣọ funfun ni gbogbo èrò wọ̀, hìjáábù Mìsítúrà náà sì funfun. Màmá Rosaline wo òkè, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lábẹ́ ìbòòji kan nítòsí, bàbá àlùfáà kan jókòó lórí àga rọ́bà, aṣọ aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó so òwú funfun tí wọ́n fi ń súre mọ́ ọwọ́ màmá, ó sì na òmíràn sí Mìsítúrà. Mìsítúrà kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí màmá bá òun sọ fún bàbá pé ẹ̀sìn òun ò gbà á. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ká òwú rẹ̀ kò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀, màmá ń túmọ̀. Ó béèrè ibi tó ti wá. Ó béèrè bóyá bàbá rẹ̀ wà láyé. Nígbà tó gbọ́ pé ó ti kú, ó béèrè orúkọ rẹ̀.

"Bùràímọ̀," ni Mìsítúrà wí.

Bàbá arúgbó náà gbìyànjú orúkọ náà wò, kò rí i pè dáadáa. Ó tún un pè, díẹ̀díẹ̀, ó sì pè é tán. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹnu àgbà ti pe orúkọ yẹn sétí Mìsítúrà kẹ́yìn. Orúkún rẹ̀ ò dúró gba àṣẹ. Ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀fọ̀ fún. Ibẹ̀ ni Zoe ti ya á.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, Zoe fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i. Bàbá nìkan ni Mìsítúrà rí nínú rẹ̀. Kò rí ère Búdà kékeré tó wà lẹ́yìn àga bàbá, tó jókòó gbangba láàárín àwọn méjèèjì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Alhamdulillah, Ọlọ́run ṣeun fún ìrìn àjò, ó sì gbé e sí orí status rẹ̀ kí gbogbo Peckham lè bá a yọ̀. Ṣé wọ́n bá a yọ̀? Kí wọn tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnìkan ti gé màmá àti àga rẹ̀ kúrò lára fọ́tò, ó ti fi àmì pupa yí ère náà ká, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí Alhaji.

Mìsítúrà padà dé London, voice note ọjọ́ Ajé yẹn tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ náà sì gùn. Ní Rye Lane, àwọn ìyá tó ń kọ́ ní Fátíà lọ́jọọ́ Sátidé ń fi ìdajì ẹnu dá a lóhùn, wọ́n sì ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú bárò bí ẹni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìròyìn. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Nusaybah wọlé láti ibi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti wú. Habeebullah ti sọ fún un pé òun mọ̀ pé ìyá ò ṣe nǹkan kan, pé òun ò sì lè bá dádì òun jà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni Habeebullah, ṣùgbọ́n omi ọbẹ̀ le ju ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn lọ.

"Mummy, please," ni Nusaybah wí. "Ẹ kàn sọ ọ́. Two minutes ni. Ẹ ní ẹ túúbá, everybody goes home, it's done. Ọlọ́run knows your heart."

"Tí mo bá túúbá, kí ni mo gbà pé mo ṣe?"

"It's just words, Mummy."

Mìsítúrà ń wo ọmọ tó dá tọ́ lẹ́yìn ikú Adésànyà, tó ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bó bá túúbá, ó ti gbà lójú ogóje ènìyàn pé òun fi orí balẹ̀ fún ère, orúkọ yẹn yóò sì tẹ̀ lé e wọ sàárè. Bí kò bá túúbá, Nusaybah yóò ká aṣọ yìgì rẹ̀ sínú àpótí. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ní òru ọjọ́ náà àti òru tó tẹ̀ lé e, ó gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ túúbá náà nínú ara rẹ̀, kò rí i sọ dé ìparí.

Sátidé dé. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Rye Lane. Àkàbà rẹ̀ há, Mìsítúrà sì ń gbọ́ ohùn ènìyàn lókè bó ṣe ń gùn ún. Nusaybah ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní àárín àkàbà ni Mìsítúrà dúró. Voice note Alhaji ń dún létí rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, gbólóhùn tí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Ó ronú lé e títí Nusaybah fi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Ó wá gun èyí tó kù.

Gbogbo ẹgbẹ́ ti pé. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn ìyá wà lápá òsì. Níbi tábìlì, Alhaji Mákánjúọlá jókòó pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ túúbá sí, kí Mìsítúrà má baà fo nǹkan kan. Àáfà Fọlọ́runṣọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ló ní láti lọ kí àgbà méjèèjì kó tó jókòó. Mìsítúrà rìn dé iwájú tábìlì. Ó dúró.

Ó dúró gbọnin. Ó sálámà sí wọn láti orí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú ara wọn níwájú.

Alhaji ò dáhùn. Wọ́n ń wo ilẹ̀ lẹ́bàá bàtà rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Bùràímọ̀ ṣe máa ń wò ó, wọ́n ń retí ohun tí wọ́n ti ń gbà fún ogún ọdún. Nǹkan náà ò dé. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Orúkún Mìsítúrà ń jó nínú ìró rẹ̀, ó fẹ́ ṣẹ́, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ nà án.

"Ìyá Nusaybah," ni Alhaji wí nígbẹ̀yìn, ohùn wọn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. "Ṣé lórí ìdúró lẹ fẹ́ kí èmi àti Àáfà ni? Ṣé ẹ ti wá di òyìnbó?"

"Ẹ má bínú, Alhaji," ni Mìsítúrà wí. "Mo gbọ́ voice note yín. Ẹ ní Mùsùlùmí kì í kúnlẹ̀ fún ohunkóhun tí Ọlọ́run dá. Ọlọ́run ló dá yín, sà."

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn, ó sì gbé ìyókù ikọ́ náà mì. Alhaji ní ọ̀tọ̀ lèyí, ìkíni lèyí, pé ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkí àgbà àti ìjọsìn. Wọ́n sọ ọ́ tán kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ojú wọn yí padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, ọwọ́ Alhaji fúnra wọn ló sì ti bọ́.

"Ìkíni náà ni tèmi, sà," ni Mìsítúrà wí. "Àgbà ni mo kí, bàbá tó wà lórí àga, kì í ṣe ère ẹ̀yìn wọn."

Alhaji mú ìwé wọn, wọ́n tún gbé e kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni Àáfà Fọlọ́runṣọ́, tí kò sẹ́ni tó tíì bi wọ́n ní nǹkan kan láti ọjọ́ Ajé nítorí pé wọn ò sí lórí WhatsApp, dá tẹ̀súbáà dúró. Wọ́n ní òun mọ̀ nípa ìrìn àjò yìí, òun lòun fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ohun kan ni òun fẹ́ mọ̀.

"Mìsítúrà, kí ni bàbá yẹn bá ọ sọ tó o fi kúnlẹ̀?"

"Wọ́n bi mí pé kí lorúkọ bàbá mi."

Ó ti lé lógún ọdún tí Mìsítúrà ti wà láàárín wọn. Ìyàwó Adésànyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, ó di Ìyá Nusaybah, wọ́n bá a sin ọkọ, wọ́n bá a sọmọ lórúkọ, kò sì sí ẹnìkan tó béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àáfà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Kí lorúkọ bàbá rẹ?"

Mìsítúrà yíjú sí Àáfà.

"Bùràímọ̀," ló wí. "Bùràímọ̀ kápẹ́ńtà, ní Ìsẹ́yìn."

"Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ Bùràímọ̀," ni Àáfà wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì ṣe àmín. Alhaji náà ṣe àmín.

Agbára tí Mìsítúrà fi ń na orúkún rẹ̀ tán lójijì. Kò mọ ìgbà tó kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì, ó bo ojú, ejìká rẹ̀ ń mì. Nusaybah sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Fóònù pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, kò sí ẹni tó ya fọ́tò.

Alhaji Mákánjúọlá ká ìwé túúbá náà sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ àpò.

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò sì rẹ̀ rárá, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. "Ẹ dìde, ìyá ìyàwó."